Ẹni Tó Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Oddvar, ọkọ lọ, ọkọ̀ náà ti tẹ̀ lé e.
Eskil ti ta pupa rẹ,
èyí tí a máa ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó pa dé.
Ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ wa ìpàǹtí kiri Vadsø mọ́.
Ó ra oníná fún mi, tí kì í rú èéfín,
tó dúró lójúde bí àlejò tí kò tíì mọ orúkọ ẹni.

Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, káàdì pẹlẹbẹ kan ni.
Ọwọ́ ilẹ̀kùn kò sí níta, inú ara ọkọ̀ ló sá sí
bí orí ahun.
Wọ́n ní bí mo bá ti sún mọ́ ọn ni yóò yọ.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yìnyín ti dì í mọ́lé.
Mo gbá a, mo bẹ̀ ẹ́,
mo da omi kẹ́tùlù sí i lára.
Sunniva yọjú lójú fèrèsé,
ó rò pé ọkọ̀ ni mò ń wẹ̀ nínú òtútù.

Níbi tó yẹ kí bọ́tìnì wà, gíláàsì ni.
Mo wọ ìbọ̀wọ́: gíláàsì kò dá mi mọ̀.
Mo bọ́ ọ: òtútù dá mi mọ̀.
Atẹ́gùn gbígbóná ni mò ń wá fún ẹsẹ̀ mi,
mo bá ojú ọjọ́ Oslo pàdé,
mo bá orin tí n kò béèrè,
mo bá àdéhùn olójú ewé mọ́kànléláàádọ́ta,
kí n fọwọ́ sí i kí n tó rí iwájú nù.

Lójú títì, ó ní mo ti yà kúrò lójú ìlà.
Ìlà wo?
Láti oṣù kọkànlá ni ìlà ti sùn sábẹ́ yìnyín.
Ó ń fa sítíárì lọ́wọ́ mi
bí ọmọdé tó ń fa ìró ìyá rẹ̀.
Ó gbé àwòrán ife kọfí sójú mi: ó ti rẹ̀ ọ́, sinmi.
Èmi tí mo gbẹ̀bí ẹgbẹ̀rin ọmọ nínú òru Finnmark,
tí oorun kò kùn mí rí,
ọkọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló fẹ́ tẹ́ ibùsùn fún mi!
Nígbà tí agbo àgbọ̀nrín Ánte wá sọdá lóòótọ́,
ó dákẹ́ lọ gbári.
Yìnyín ti bo kámẹ́rà lójú.
Ẹsẹ̀ mi yìí ló tẹ ìjánu. Ánte ṣí fìlà fún mi.
Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ wá ké, ó ní mo tẹ̀ ẹ́ le jù.

Mo pe Eskil. Ó ní, Màmá, yóò kọ́ ìṣe yín.
Mo ní, ọdún mélòó?
Ogójì ọdún ni ìwọ ti ń kọ́ ọ, o ò tíì mọ̀ ọ́n.

Lónìí, mo ra pánla ní èbúté, ìdì ńlá,
mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi.
A kò tíì dé orí afárá tó fi bẹ̀rẹ̀: pin, pin, pin.
Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò de bẹ́líìtì.
Mo ní, pánla ni.
Pin.
Mo ní, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.
Pin.
Oddvar, ọdún méjì rèé
tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún mi
pé èèyàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Mo dúró létí ọ̀nà. Mo fa bẹ́líìtì náà,
mo rọra yí i ká a, títí ó fi ké wọ́.
Ariwo dá.
A jọ wá sílé.

Ilẹ̀kùn kò sì tún ṣí, láti inú lọ́tẹ̀ yìí.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè rò fún ọ báyìí,
òórùn pánla ti gba gbogbo inú ọkọ̀.
Sunniva ti lọ gbé kẹ́tùlù.
Kó má kánjú.